Wọ́n Ń Kun Ilé Bàbá Pẹ̀lúmi

Ìlọrà. Ọjọ́rú, 3 Oṣù Kẹsàn-án, 2025

A óò ta ilé. Mo kọ ọ́ síbí kí n má bàa yí ohùn padà tí ilẹ̀ bá mọ́. Dókítà tó wà ní Ìbàdàn ní kókó tó wà nínú ìfun ọkọ mi ti ń dí ọ̀nà oúnjẹ. Ó ní bí a bá jẹ́ kó kọjá ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹwàá kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ, òun ò ní lè ṣèlérí ohunkóhun. Kò sí nǹkan mìíràn lọ́wọ́ wa tó lè san owó náà. Bí mo bá ta ẹ̀rọ ìránṣọ mi, tí mo ta aṣọ oníbàárà mọ́ ọn, kò ní tó owó bẹ́ẹ̀dì.

Bàbá Pẹ̀lúmi ti gbà kí èmi tó gbà. Ó ní òun lòun fi owó ọkọ̀ tipá tí òun wà kọ́ ọ, òun náà lòun óò tà á. Ó rọrùn fún un láti sọ. Èmi ni àyà mi ń já. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni kí a ta ilé tán kí a sì tún pàdánù ẹni tí a torí rẹ̀ tà á. Mi ò lè sọ ìyẹn fún un, mi ò sì lè sọ ọ́ fún Pẹ̀lúmi ọmọ wa lórí fóònù, ìdí nìyí tí mo fi ń kọ ọ́.

Ẹtì, 5 Oṣù Kẹsàn-án

Ẹni tí yóò bá wa wá ẹni tó máa ra ilé dé lónìí láti Ọ̀yọ́. Sofiyullah lorúkọ rẹ̀, Pẹ̀lúmi ló rí i lórí ayélujára. Bàtà funfun ló wọ̀ wá sínú ẹrẹ̀ wa. Ó yí ilé po, ó ń ya fọ́tò, ó ń mi orí. Lẹ́yìn náà ó ní kí n jẹ́ ká lọ sí ẹ̀yìnkùlé, kí aláìsàn má bàa gbọ́ ohun tí òun fẹ́ sọ.

Ó ní, "Mọ́mì, ẹ má bínú sí mi o. Àwọn tó ń ra ilé, wọ́n máa ń béèrè bó ṣe rí fún ẹni tó kọ́ ọ. Tí wọ́n bá bá Dádì lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn, wọ́n á ní ilé yìí ló ń ṣe wọ́n. Kò sẹ́ni tó máa padà wá."

Bí èmi náà bá lọ ra ilé, ohun tí n óò kọ́kọ́ wò nìyẹn.

Ó ní kí a kun ilé, kí a kó àwọn àga ńlá kúrò ní pálọ̀ kó lè fẹ̀ lójú, kí a ká fọ́tò kúrò lára ògiri, kí òórùn oògùn má sí níbẹ̀. Ọjọ́ tí ènìyàn bá fẹ́ wá wò ó, kí Bàbá Pẹ̀lúmi má sí nílé. Pẹ̀lúmi ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é ní Èkó, pé wọ́n tilẹ̀ máa ń yá bẹ́ẹ̀dì àti òdòdó wá sínú ilé tí wọ́n fẹ́ tà. Ó ní òun yóò fi owó ọ̀dà ránṣẹ́. Mo ní kó ṣe é, ká tètè mọ èyí tí à ń ṣe.

Mọ́ńdè, 8 Oṣù Kẹsàn-án

Ọ̀dà ti gbówó lórí ju bí mo ṣe rò. Ẹgbẹ̀rún méjìdínlọ́gbọ̀n ni garawa kan, a ó sì lo ju ẹyọ kan lọ. Ọlálékan, akunlé àdúgbò wa, ló ń bá wa kùn ún. Àwọ̀ mílíìkì ni Sofiyullah mú. Bàbá Pẹ̀lúmi fẹ́ àwọ̀ ewé tó ti wà níbẹ̀ látilẹ̀. Mo ní àwa kọ́ la máa gbé inú rẹ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ náà ti jáde kí n tó mọ ohun tí mo sọ. Ó yíjú sí ògiri.

Ọjọ́rú, 10 Oṣù Kẹsàn-án

Òjò. Ọ̀dà ẹ̀gbẹ́ ilé ti ṣàn wálẹ̀. Bàbá Pẹ̀lúmi mu ẹ̀kọ díẹ̀, ó sì bì í.

Ẹtì, 12 Oṣù Kẹsàn-án

Oòrùn yọ, Ọlálékan tún un kùn. Nígbà tó dé yàrá ẹ̀yìn, ó fi àmì omi tó wà ní òkè ògiri hàn mí, níbi tí òrùlé ti ń jò. Ó béèrè bóyá kí òun sọ fún kápẹ́ńtà. Mo ní kó kùn ún mọ́lẹ̀. Ó wò mí, ó sì kùn ún. Nígbà tó gbẹ, ènìyàn ò lè mọ̀. Mo dúró síbẹ̀, mo ń bẹ Ọlọ́run kí òjò má rọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá wá wò ó. Mi ò mọ irú àdúrà tí ìyẹn jẹ́.

Àbámẹ́ta, 13 Oṣù Kẹsàn-án

A kó àga lọ sí ilé Ìyá Rahmatullah, aládùúgbò wa tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún. Ọlọ́run á bá mi san oore fún obìnrin náà. Ó ti fi gbogbo pálọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ fún wa, àti ẹrù wa, àti ọkọ mi lọ́jọ́ tí oníbàárà bá ń bọ̀. Fọ́tò ńlá Bàbá Pẹ̀lúmi, èyí tó ní férémù tó yà nígbà tó fi iṣẹ́ mọ́tò sílẹ̀, èmi fúnra mi ni mo gbé e. Ó wúwo. Mo gbá a mọ́ àyà rìn gba ojú títì kọjá. Àwọn kan tó ń ti Fìdítì bọ̀ dúró lórí ọ̀kadà wọn, wọ́n ń wò mí. Mo kí wọn, wọ́n rọra dá mi lóhùn.

Àìkú, 14 Oṣù Kẹsàn-án

Tọkọtaya kan wá wo ilé láti Ìbàdàn. Òjò ń ṣẹ́ nígbà tí Sofiyullah pè pé wọ́n ti kọjá Fìdítì, kò sì sí àkókò. Èmi, Ìyá Rahmatullah àti Ọlálékan la jọ gbé Bàbá Pẹ̀lúmi. Mo da aṣọ bò ó látorí dé ẹsẹ̀ kí òjò má bàa pa á. Ó fúyẹ́. Ọkùnrin tó máa ń fi ọwọ́ kan ṣoṣo gbé táyà tipá sókè! Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún lójú ọ̀nà, àmọ́ mo sáré padà wá ta sẹ́ńtì sí pálọ̀.

Ilé náà wù wọ́n. Ìyàwó ṣí gbogbo wíńdò, ó ní afẹ́fẹ́ ń wọlé dáadáa. Ọkọ béèrè ìdí tí a fi ń tà á, mo ní a fẹ́ lọ bá ọmọ wa gbé. Wọ́n ní àwọn á mú ẹ̀gbọ́n àwọn wá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, kí a jọ sọ̀rọ̀ owó. Nígbà tí mo padà dé ilé Ìyá Rahmatullah, Bàbá Pẹ̀lúmi ti kákò sórí àga. Inú ló ń rún un, kò sì fẹ́ kígbe kí àwọn àlejò má bàa gbọ́.

Ìṣẹ́gun, 16 Oṣù Kẹsàn-án

Nǹkan kan ń ṣẹlẹ̀ tí kò yé mi. Mo lọ ra ata, ẹni tó tà á fún mi ò gbà kí n ná an, ó tún bù ún lé e, ó ní kí n máa mú un lọ. Ó ní, "Ẹ kú ìrọ́jú, Ìyá Pẹ̀lúmi." Ọkùnrin kan bọ́ fìlà nígbà tí mo ń kọjá. Oníbàárà kan ránṣẹ́ pé kí n má ṣe yọ ara mi lẹ́nu lórí aṣọ òun, kí n fi sílẹ̀ di ìgbà tí gbogbo rẹ̀ bá parí. Mo rò pé wọ́n ti gbọ́ pé ara rẹ̀ ò yá ni. Ẹ̀rù ń bà mí kí ọ̀rọ̀ àìsàn náà má dé etí àwọn ará Ìbàdàn.

Ọjọ́bọ̀, 18 Oṣù Kẹsàn-án

Ọlálékan ń kun ìta. Mo ní kó parí rẹ̀ kó tó di Àbámẹ́ta. Ó ní gbogbo ẹni tó ń kọjá ló ń béèrè ìgbà tí òun máa parí, òun sì ń sọ fún wọn pé Àbámẹ́ta ni.

Àbámẹ́ta, 20 Oṣù Kẹsàn-án

Tọkọtaya náà dé pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n wọn. A ti gbé Bàbá Pẹ̀lúmi lọ sí ìkejì ilé láti àárọ̀. Wọ́n jókòó sórí àga oníke tí mo tò sí pálọ̀, mo fún wọn lómi, ẹ̀gbọ́n ti ń sọ iye tí wọ́n lè mú wá, Sofiyullah sì ń ṣẹ́jú sí mi pé kí n má sọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lójú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àwọn ìyá ìjọ wa ló ṣáájú, wọ́n wé gèlè dúdú. Àwọn awakọ̀ tipá tó bá Bàbá Pẹ̀lúmi ṣiṣẹ́ rí ló tẹ̀ lé wọn, fìlà wọn lọ́wọ́. Hannah tó ń darí orin dé ẹnu ọ̀nà, ó rí pálọ̀ tó ṣófo àti àga oníke, ó fi ọwọ́ lérí, ó bú sẹ́kún.

Wọ́n ní, "Ẹ kú àṣẹ̀yìndè o."

Ìyàwó tó wá ra ilé dìde. Ó béèrè lọ́wọ́ mi pé ta ló kú. Mo ní kò sẹ́ni tó kú. Mo tún un sọ. Mùhámmẹ́d, tó jẹ́ àgbà láàárín àwọn awakọ̀, wá di ọwọ́ mi mú, ojú rẹ̀ pọ́n.

Ó ní, "Ìyá Pẹ̀lúmi, a mọ̀ pé ẹ fẹ́ gbé e pa mọ́ di ọjọ́ ìsìnkú. Kò burú. Àmọ́ gbogbo ìlú ló ti rí i pé ẹ ń kunlé."

Ìgbà yẹn ni gbogbo rẹ̀ yé mi. Ta ni kò mọ̀ pé bí àgbà bá kú ní ìlú yìí, ilé la máa ń kọ́kọ́ kùn kí á tó sin ín? A kun ilé. A kó pálọ̀ jáde. Mo gbé fọ́tò rẹ̀ gba ojú títì mọ́ àyà. Wọ́n rí i tí a gbé ènìyàn tí a da aṣọ bò látorí dé ẹsẹ̀. Ọlálékan sì ti dá ọjọ́ ìsìnkú fún wọn láìmọ̀. Bó bá jẹ́ ilé ẹlòmíràn ni, èmi gan-an ni ǹ bá kọ́kọ́ wé gèlè dúdú lọ.

Àwọn ará Ìbàdàn ò mu omi tí mo gbé fún wọn. Ẹ̀gbọ́n ń sọ fún Sofiyullah lẹ́nu ọ̀nà pé wọn kì í ra ilé tí ẹkún wà nínú rẹ̀. Mo sáré lọ sí ilé Ìyá Rahmatullah. Ojú fèrèsé ni wọ́n gbé àga Bàbá Pẹ̀lúmi sí, kò sí èyí tí kò gbọ́. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó di inú rẹ̀ mú nítorí ẹ̀rín ń dùn ún. Nígbà tó yá, ẹ̀rín náà dáwọ́ dúró. Ó ní, "Hannah sunkún mi dáadáa." A gbé e padà sílé.

Àìkú, 21 Oṣù Kẹsàn-án

Pásítọ̀ kéde pé Bàbá Pẹ̀lúmi wà láàyè, kí gbogbo ìjọ fi ọkàn balẹ̀. Gbogbo wọn yíjú padà wò mí. Mo rí i lójú àwọn mìíràn pé wọ́n rò pé ìbànújẹ́ ló ti dà mí lórí rú.

Ẹ̀rù ń bà mí gan-an. Èmi tí mo máa ń fi àwọn tó ń sọ̀rọ̀ ẹnu ayé ṣe yẹ̀yẹ́, èmi náà ló wá ń bẹ̀rù ẹnu ayé. Odidi ìlú ti kí mi kú àṣẹ̀yìndè. Ṣé ọ̀rọ̀ tí ẹnu tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ sọ kò ní rí ibì kan bà lé? Tó bá sùn lọ́sàn-án, mo máa ń dúró lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, mo máa ń wo àyà rẹ̀ bóyá ó ń lọ sókè sódò. Lónìí ó la ojú bá mi níbẹ̀. Ó ní kí n lọ jókòó, òun ṣì wà.

Ọjọ́rú, 24 Oṣù Kẹsàn-án

Sofiyullah kò gbé fóònù mi mọ́. Omi ọbẹ̀ nìkan ló ń dúró nínú Bàbá Pẹ̀lúmi. Pẹ̀lúmi sunkún lórí fóònù, èmi ni mo sì ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ta ni yóò wá rẹ èmi lẹ́kún?

Ní ìrọ̀lẹ́ Bàbá Pẹ̀lúmi ní kí n gbé òun jáde sí iwájú ilé, kí àwọn ènìyàn rí òun. Mo kọ̀. Mo ní tí ẹnikẹ́ni tó fẹ́ ra ilé bá rí i bó ṣe rí yìí, ó ti parí nìyẹn. Ó bínú, ohun tí kò ṣe láti ọjọ́ tí àìsàn yìí ti dé. Ó ní òun ò lè wà láàyè kí wọ́n máa gbé òun gba ẹ̀yìnkùlé bí ẹrù tí wọ́n jí.

Ọjọ́bọ̀, 25 Oṣù Kẹsàn-án

Mo wọ̀ ọ́ ní bùbá tó fẹ̀, kí ara rẹ̀ tó rù má bàa hàn. Ó jókòó síta. Àwọn ọmọ tó ń ti ilé ìwé bọ̀ sá nígbà tí wọ́n rí i. Mùhámmẹ́d wá, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

Àbámẹ́ta, 27 Oṣù Kẹsàn-án

Obìnrin kan sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò lónìí. Mi ò mọ̀ ọ́n rí. Àlàájà Fàsílátù ni, ó ń ta gàrí ní ọ̀pọ̀ àpò ní Awẹ́. Inú ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ni mo wà, mi ò lè sáré dé ọ̀dọ̀ Bàbá Pẹ̀lúmi tó jókòó síta kó tó dé ibẹ̀. Ó rò pé ẹbí ni, ó kúnlẹ̀ kí i.

Ó ní, "Ẹ kú ìrọ́jú, bàbá. Ọlọ́hun á fọ̀run kẹ́ ẹni tó lọ. Ìyàwó olóògbé ni mo wá rí nítorí ilé tí wọ́n ní ó fẹ́ tà."

Bàbá Pẹ̀lúmi ní, "Ẹ jókòó, Àlàájà. Èmi ni olóògbé náà."

Mo dúró lójú kan. Mo gbọ́ tó ń sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ọ̀rọ̀ kókó, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ, ọjọ́ tí dókítà dá. Ó ní ara òun ló ń ṣàìsàn, kì í ṣe ilé, pé inú rẹ̀ ni òun ti tọ́ ọmọ yege. Nígbà tí mo rò pé ó ti parí, ó tún ní, "Yàrá ẹ̀yìn ń jò. Ìyàwó mi kun ọ̀dà bò ó. Ẹ lọ wò ó kí ẹ tó sọ iye tí ẹ máa san." Ojú tì mí, bí ilẹ̀ bá lanu ǹ bá wọ inú rẹ̀. Mo sọ lọ́kàn mi pé ó ti bà á jẹ́, a ò ní rí ẹni tà á fún mọ́.

Àlàájà ò lọ wo yàrá kankan. Ó béèrè bóyá Bàbá Pẹ̀lúmi fúnra rẹ̀ ló kọ́ ilé náà, ọkọ mi ní bẹ́ẹ̀ ni. Àlàájà tún béèrè bóyá ọkọ mi fúnra rẹ̀ ni yóò fọwọ́ sí ìwé. Bàbá Pẹ̀lúmi ní, "Bí ẹ bá tètè gbé e wá."

Obìnrin náà mí kanlẹ̀. Ó ní, "Mo ra ilé lọ́wọ́ opó kan rí. Títí di òní, àwọn àbúrò ọkọ rẹ̀ ò jẹ́ kí n kan ìṣó mọ́ ọn. Wọ́n ní kí n wá ra èyí lówó pọ́ọ́kú, mo wá ni, àmọ́ ọkàn mi ò sí níbẹ̀. Ilé tí ẹni tó kọ́ ọ bá fọwọ́ ara rẹ̀ tà, ta ló máa wá bá mi jà lé e lórí?"

Ohun tí mo ń gbé pa mọ́ sí ìkejì ilé láti ọjọ́ yìí ni obìnrin yìí ń wá kiri. Ó yọ díẹ̀ nínú owó nítorí òrùlé tó ń jò, mi ò sì bá a jiyàn.

Ìṣẹ́gun, 30 Oṣù Kẹsàn-án

A lọ bá lọ́yà ní Ọ̀yọ́. Bàbá Pẹ̀lúmi fúnra rẹ̀ ló kọ orúkọ rẹ̀, Akínwálé, gbogbo rẹ̀ tán pátá. Kò jẹ́ kí n di ìwé náà mú fún un. Ẹ̀rù bà mí pé kó má dákú kó tó kọ ọ́ tán. Owó ti wọlé. Ilé ti lọ. Mo rò pé ọkàn mi á balẹ̀, àmọ́ ẹ̀rù tó ṣẹ́ kù ló tóbi jù.

Ẹtì, 3 Oṣù Kẹwàá

A kúrò lónìí. Pẹ̀lúmi ti wá láti Èkó, ó bá wa gba yàrá kan ní Fìdítì, mi ò tíì rí yàrá náà. Àwọn tó wá kí wa lọ́jọ́sí náà ló tún kóra jọ sójú títì láti sìn wá dé ìdí mọ́tò. Hannah tún ń sunkún. Mo fẹ́ kó dákẹ́, mo sì fẹ́ kó máa sun ún lọ, torí èmi ò lè sun tèmi lójú Bàbá Pẹ̀lúmi. Ó ń juwọ́ sí wọn. Mi ò wẹ̀yìn wo ògiri mílíìkì yẹn.

Ìṣẹ́gun, 7 Oṣù Kẹwàá. Ìbàdàn

Wọ́n ti gbé e wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Wọ́n ní kí a dúró síta. Olúwa, gbà mí.

Ọjọ́bọ̀, 9 Oṣù Kẹwàá

Dókítà ní àwọn rí kókó náà yọ, pé kí a máa wo bí ọgbẹ́ yóò ṣe jinná, ó sì ku àyẹ̀wò tí èsì rẹ̀ kò tíì dé. Mi ò tíì lè yọ̀. Mo jókòó tì í láti àárọ̀, ó ń sùn, ó ń jí, kò mọ ibi tó wà.

Ní ọ̀sán ó la ojú dáadáa. Ó wò mí, ó wo àjà, ó wo wíńdò. Ó di ọwọ́ mi mú, ọwọ́ rẹ̀ sì gbóná.

Ó ní, "Ìyá Pẹ̀lúmi, jẹ́ ká máa lọ sílé."

Pẹ̀lúmi jáde kúrò nínú yàrá. Mo ṣàtúnṣe aṣọ tó wà láyà rẹ̀, mo wo omi tí wọ́n so mọ́ ọn lọ́wọ́, mo sì ní, "Ẹ jẹ́ kí omi tó ń kán yìí tán ná."